Bí A Ṣe Kọ́ Kọ̀ǹpútà Mẹ́fà ní Àáró

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe jẹun, alábàárù ni mo máa ń pe ara mi. Wọn á rẹ́rìn-ín. Wọn á wo ọrùn mi tí kò kì, wọn á wo àtẹ́lẹwọ́ mi tí kò le, wọn á ní, "Ìyá Ṣakí, ẹ ti tún dé o." Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ. Ẹrù ni mo fi gbogbo ayé mi rù, àfi pé ẹrù tèmi kò ṣeé fojú rí. Inú kọ̀ǹpútà ló wà. Orí dísìkì ni mò ń gbé e sí, orí dísìkì náà ni mo sì ń gbé e kúrò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀tún, tí ẹ ń wo òsì, tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ ó mú, ẹ jẹ́ kí n ro tèmi fún yín.

Rábì ni orúkọ mi, Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, àgbẹ̀ sì ni bàbá mi. Mo wá gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Agbowó, ní Ìbàdàn, mo kọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, láti ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mo ti bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe ríṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó tó jẹ, kò tó fi yangàn. Ibi tí mo fẹ́ mú yín dé ni yàrá kan ní Ring Road, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lókè ilé ìtajà aṣọ fèrèsé, láàárín àwọn ọdún 1990. Ibẹ̀ la ti ń ṣe àwòrán ilẹ̀. Wọ́n á ya ilẹ̀ láti ojú sánmà, wọ́n á kó àwòrán náà sínú téèpù ránṣẹ́ sí wa. Àwa á fi kọ̀ǹpútà tú u wò, a ó sì sọ ibi tí òkúta wà, ibi tí odò ń gbà lọ, àti ibi tó ṣeé ṣe kí omi wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ọ̀gá Àlàbí ni olórí yàrá náà. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, tínínrín bí ọ̀pá, ẹni tó ti wà nídìí kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí ẹyọ kan ń gba gbogbo ilé. Ọjọ́ tí mo dé, wọ́n fi àpótí kan hàn mí.

"Jókòó síbẹ̀ yẹn. Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Máa wò."

"Kí ni kí n máa wò, sà?"

"Bí mo bá sọ fún ọ, èmi ni mo wò ó yẹn, kì í ṣe ìwọ."

Mo wò títí ojú ń ta mí. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, n kò tíì tẹ bọ́tìnì kan. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n dìde lórí àpótí, mo rò pé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àṣé agolo mílíìkì ni wọ́n fẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n lọ fi pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀, kí n fi kún garawa tó wà lókè. Mo gun àtẹ̀gùn, mo sọ̀. Mo gun, mo sọ̀. Àwọn tó ń ta aṣọ fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú ìrìn. Bọ́dúndé, ẹni tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, dúró lókè àtẹ̀gùn, ó ń fi mí ṣẹ̀sín.

"Ará Òkè-Ògùn, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń pọnmi nílé yín?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Ó ń bọ̀ lórí ìwọ náà."

"Lórí èmi? Mo ti pọn tèmi kí o tó dé. Kí lo rò pé ó ń pa mí lẹ́rìn-ín?"

Kí garawa tó dé ìdajì, mo ti ń fi ọwọ́ di ògiri mú. Ọ̀gá ní kí n jókòó.

"Kí lo rí kọ́?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé omi ló wúwo, àbí ìrìn ló pọ̀?"

"Ìrìn ló pọ̀, sà."

"Dísìkì nìyẹn," ni Ọ̀gá wí. "Ó dà bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó ní apá kan tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí àwo láti wá ohun tí o ní kó wá. Ẹrù kì í rẹ̀ ẹ́, ìrìn ló ń rẹ̀ ẹ́. Bí ètò tí o kọ fún kọ̀ǹpútà bá ń bu nǹkan lágolo lágolo, apá yẹn á máa rìn títí ilẹ̀ á fi ṣú, iṣẹ́ kò sì ní í tán. Ìgbàkúùgbà tó o bá rán an, garawa ni kó o gbé fún un."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé nípa kọ̀ǹpútà ń gbàgbé: ohun tí à ń gbé kì í sábà jẹ́ ìṣòro, iye ìgbà tí a fi lọ gbé e ni.

Ẹ̀kọ́ kejì, aago ọwọ́ Ọ̀gá ni. Ẹni tó bá wọlé wí pé, "Ọ̀gá, ó ti yá sí i," ti wọ gàù. "Ta ló sọ fún ọ? Ojú rẹ ni? Ojú a máa tan ni. Aago ni kó sọ." A ó wo aago kí a tó ṣe àtúnṣe, a ó tún wò ó lẹ́yìn àtúnṣe, ohun kan ṣoṣo la sì gbọ́dọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bọ́dúndé yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan rí, iṣẹ́ náà sì yá lóòótọ́. Ọ̀gá ní kó sọ èwo nínú méjèèjì ló ṣe é. Kò lè sọ. Wọ́n ní kó tú méjèèjì ká, kó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ó bú wọn nínú ikùn ní gbogbo ọ̀nà títí dé Mọ́kọ́lá tó ń gbé, ṣùgbọ́n kò dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Kọ̀ǹpútà kan péré la fi bẹ̀rẹ̀. Alhájì tó ni ilé-iṣẹ́ ń ra òmíràn kún un díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi di mẹ́fà. A sọ wọ́n lórúkọ bí wọ́n ṣe dé. Èyí àkọ́kọ́, tó tóbi bí àpótí aṣọ, tó máa ń gbóná bí ààrò, Bàbá la pè é. Èyí tó dé kẹ́yìn, tó kéré, tó sì yára jù wọ́n lọ, la pè ní Àbíkẹ́yìn. Bọ́dúndé kì í wọlé láàárọ̀ láìjẹ́ pé ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níwájú èyí àkọ́kọ́: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ jí ire?" Bí iná ara rẹ̀ bá ṣẹ́jú, á ní Bàbá ti dáhùn.

Àwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa ń tóbi sí i, dísìkì kan kò sì lè yára gbé e mọ́. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ Ọ̀gá kan tó wà lókè òkun fi ètò tuntun kan ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tí ètò náà ń ṣe kò le láti sọ: á gé fáìlì kan sí ègé ègé, á pín àwọn ègé náà sórí dísìkì kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nígbà tí a bá sì fẹ́ ka fáìlì náà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á gbé e wá lẹ́ẹ̀kan náà. Inú wa dùn. A ní iṣẹ́ òṣù kan á di ti ọ̀sẹ̀ kan.

Àsìkò náà ni iṣẹ́ kànga dé. Àwọn kan fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àwọn abúlé Òkè-Ògùn, lọ́dọ̀ wa níbẹ̀, níbi tí obìnrin ti ń fi ìdajì ọjọ́ wá omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n fẹ́ kí a sọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba àwòrán náà kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí ọkọ̀ agbẹ́lẹ̀ kò ní í lè gba ẹrẹ̀ kọjá. Alhájì gun òkè wá bá wa. Kò jókòó.

"Àlàbí, wọ́n ní bí a kò bá lè ṣe é, àwọn á gbé e lọ sí Èkó. Bí wọ́n bá gbé e lọ, mi ò rí ohun tí n ó fi yàrá yìí ṣe mọ́. Ará ìsàlẹ̀ tó ń ta aṣọ fèrèsé ti ní òun fẹ́ fi kún ṣọ́ọ̀bù òun."

"A ó ṣe é, Alhájì," ni Ọ̀gá wí.

"Ẹ ṣe é o."

Ọ̀rọ̀ di ti iṣẹ́ gbogbo wa. Èmi ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mò ń bá gbọ́ bùkátà, Bọ́dúndé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni, Ọ̀gá sì ti kọjá ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ níbòmíràn.

A kó iṣẹ́ náà lé àwọn kọ̀ǹpútà lórí. Ẹ gbọ́ ìyanu: mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, wọn ò yá tó ẹyọ kan. Aago Ọ̀gá kì í parọ́. Bọ́dúndé ní, "Ó dà bí ẹni mẹ́fà tó jọ gbé abẹ́rẹ́ kan. Wọn á kàn máa tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ ni." A yẹ okùn wáyà tó so wọ́n pọ̀ wò, a pààrọ̀ rẹ̀. A tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Kò sí ìyàtọ̀.

Ni mo bá padà sórí àpótí mi àtijọ́, mo jókòó, mo ń wò. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní iná kékeré kan tó máa ń ṣẹ́jú nígbà tí dísìkì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Iná Bàbá kò ṣẹ́jú rárá, ṣe ló tàn rangandan. Ti Àbíkẹ́yìn ńkọ́? Òkùnkùn. Bóyá kó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan kó tún sùn.

"Bọ́dúndé, wá wo iná yìí."

Ó wò ó. Ó fọwọ́ lérí. "Bàbá ń ru gbogbo ẹrù, Àbíkẹ́yìn ń sùn! Ta ló kọ́ wọn nírú ìwà yìí?"

Àwa la kọ́ wọn. Nígbà tí a to ètò náà, ó bi wá pé lórí kọ̀ǹpútà wo ni kí ègé àkọ́kọ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan máa wà. Kò sí ẹni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì nínú wa. Bàbá ni! Ṣé àgbà wà níbẹ̀ kí a kọ́kọ́ fún ọmọdé? Ẹnu àgbà lobì í gbó sí. Ṣùgbọ́n a ti gé àwòrán ilẹ̀ yẹn wẹ́wẹ́, apá ilẹ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan sì ní fáìlì tirẹ̀. Fáìlì wọ̀nyí kéré débi pé ègé kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ègé àkọ́kọ́ sì rèé, Bàbá ló ni ín. Kò ṣẹ́ ku nǹkan kan fún àwọn yòókù. Ohun tó tún wá burú ni pé Bàbá kan náà ló ń tọ́jú ìrántí ibi tí ègé gbogbo wà, òun ni àwọn yòókù sì gbọ́dọ̀ bi kí wọ́n tó ṣí fáìlì kankan.

A sọ fún Ọ̀gá. Wọ́n mi orí.

"Bàbá nìkan ló ní bátìrì tó ń gbé e dúró bí iná ọba bá lọ. Kò já wa kulẹ̀ rí. Ẹ fẹ́ kí n lọ gbé nǹkan tó ṣe pàtàkì jù lé ọmọ àná lórí?"

"Ó ń rẹ Bàbá, sà," ni mo wí.

"Kì í rẹ kọ̀ǹpútà, Rábì."

Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Lóòótọ́, Bàbá kò já wa kulẹ̀ rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, a gbọ́ ìró kan láti inú Bàbá. Ó ń dún bí ẹni ń fi èékánná ha páànù. Ọ̀gá dìde, oúnjẹ wà lẹ́nu wọn. Ìró náà dún sí i, ó sì dákẹ́. Iná tó tàn rangandan yẹn kú.

Dísìkì Bàbá ti lọ. Àwọn fáìlì kéékèèké lọ pátápátá. Àwọn ńlá tó kù kò wúlò, nítorí ègé kọ̀ọ̀kan wọn tó wà lórí Bàbá ti sọnù. Ó dà bí ìwé tí wọ́n ti fa ojú ewé kan ya nínú mẹ́fà-mẹ́fà. Ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn: bí a bá pín ẹrù kan sórí ẹni mẹ́fà, tí a kò sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn, ikú ẹnì kan ti di ikú gbogbo wọn. Ìrètí wa kan ṣoṣo ni àwọn téèpù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Àwọn yẹn ṣì wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí wọn ti wọmi, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kejì ni káfíńtà wọlé. Ó kí wa dáadáa, ó fa okùn ìwọ̀n yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri.

"Ta ló rán ọ?" ni Bọ́dúndé bi í.

"Ará ìsàlẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n wá wo iye pákó tó máa gba. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sún ẹsẹ̀ yín díẹ̀."

Bọ́dúndé sún ẹsẹ̀.

Ọ̀gá jókòó ti Bàbá tí a ti tú ká. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wọ́n wo ẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Rábì, bàbá rẹ ní oko ńlá, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló ń bá wọn kọ ebè?"

"Àáró ni, sà. Bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Gbogbo wọn á kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́la, títí á fi kárí."

"Oko àgbà ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, sà. Bó bá tún di àsìkò mìíràn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lóko ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rẹ̀ lóko àgbà ní gbogbo ìgbà, bí òjò bá dé lójijì, àgbà nìkan ni yóò ní ebè."

Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé orí Bàbá. Káfíńtà ṣíwọ́ wíwọn, okùn ìwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àgbà kì í ru ẹrù," ni Ọ̀gá wí níkẹyìn, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Iṣẹ́ àgbà ni kó mọ ibi tí ẹrù wà. Àwa la ṣe àṣìṣe. A ní à ń bọ̀wọ̀ fún Bàbá, àṣé a sọ ọ́ di alábàárù."

Ni a bá tún gbogbo rẹ̀ tò. A fi dísìkì tuntun sínú Bàbá, a sì gba gbogbo ẹrù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrántí ibi tí ègé gbogbo wà nìkan la fi sílẹ̀ fún un, òun àti bátìrì rẹ̀. Àwọn márùn-ún yòókù la pín ẹrù fún ní àáró: bí fáìlì kan bá bẹ̀rẹ̀ lórí Àbíkẹ́yìn, èyí tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ lórí ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi yí ká. A kó àwọn fáìlì wẹ́wẹ́ jọ bí ẹni di igi ìdáná, apá ilẹ̀ kan, ìdì kan, tí ìdì kọ̀ọ̀kan fi tóbi tó láti kárí gbogbo wọn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà márùn-ún bá fẹ́ kọ nǹkan sínú fáìlì kan náà, olúkúlùkù ní poro tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọ ebè lórí ebè ẹlòmíràn. Bọ́dúndé tún ètò rẹ̀ kọ kó lè máa bu nǹkan ní garawa. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, kí a tó lọ sílé, a ń da ẹ̀dà iṣẹ́ ọjọ́ náà sórí téèpù. Ọ̀gá kò sì gbà kí a ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan, aago. Òmíràn, aago.

Ọjọ́ tí a ṣe ti àáró, mo padà sórí àpótí. Iná Àbíkẹ́yìn ṣẹ́jú. Ti èkejì ṣẹ́jú. Márààrún ń ṣẹ́jú pọ̀ bí ìgbà tí ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Ti Bàbá kàn ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí àgbà tí wọ́n bi ní nǹkan tó dáhùn, tó tún dákẹ́. Ọ̀gá wo aago wọn. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e sí etí, wọ́n tún wò ó.

"Ó ti yá," ni wọ́n wí.

Bọ́dúndé fò sókè. "Ojú ló sọ fún yín ni, sà, àbí aago?"

Ẹ̀rín tí Ọ̀gá rín lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A fi àwòrán náà jíṣẹ́ nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa eruku. Kì í ṣe gbogbo ibi tí a tọ́ka sí ni wọ́n ti bá omi, n kò ní í purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n wọ́n bá a ní ibi tó pọ̀. Alhájì gun òkè wá, ó jókòó lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ní kí wọ́n pe káfíńtà náà wá kó wá ṣe tábìlì tó gùn fún wa. Ará ìsàlẹ̀ wá kí wa kú oríire, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn.

Ọdún gorí ọdún. Dísìkì ń kéré sí i, ohun tó ń gbà ń pọ̀ sí i. Téèpù kásẹ̀ nílẹ̀. Dísìkì tí kò ní apá tó ń rìn rárá dé, mo sì rò pé ẹ̀kọ́ agolo mílíìkì ti kú nìyẹn. Rárá o, ẹni tó bá ń bù ú lágolo ṣì ń pẹ́ ju ẹni tó gbé garawa lọ. Ọ̀gá Àlàbí fẹ̀yìn tì, wọ́n fi yàrá náà lé mi lọ́wọ́. Bọ́dúndé lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Challenge, ó ń ṣe dáadáa, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì dákẹ́. Èmi náà kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, mo le mọ́ wọn, wọ́n bú mi nínú ikùn. Mo ṣe ìgbéyàwó, mo bímọ, mo kọ́lé kékeré kan. Mi ò rí ohun tí mo pàdánù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí ayé á máa fi pàtẹ́wọ́ fún yín, ẹ má ṣe irú tèmi. Bí iṣẹ́ wa bá dára, kò sí ẹni tó ń mọ̀ pé a ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè jókòó kí ẹ wo nǹkan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, tí inú yín sì lè dùn sí ẹrù tó lọ nírọ̀rùn, ìgbésí ayé tó ní adùn ni.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ yàrá náà fún mi ní ẹ̀bùn, wọ́n gbàdúrà fún mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró lẹ́bàá Ring Road, mò ń dúró de takisí. Mo ń fi etí sílẹ̀. Mo ní láìpẹ́ ẹnì kan á sáré tẹ̀ lé mi wá bi mí pé, "Mà, ibo lẹ gbé èyí sí? Báwo la ṣe ń ṣe tọ̀hún?" Takisí kan kọjá, mi ò wọ̀ ọ́. Òmíràn kọjá. Mo gbójú sókè sí fèrèsé. Mo rí orí wọn tó tẹ̀ sórí iṣẹ́, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ń na ọwọ́ sí nǹkan.

Kò sí ẹni tó wá; iṣẹ́ ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo wọ takisí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, inú mi ń dùn ṣìnkìn títí mo fi délé.